Irin tó ṣẹ́ sínú egungun: bí a ṣe ń yọ ọ́ láì ba egungun jẹ́

Iṣẹ́ yíyọ irin tí wọ́n fi de egungun pọ̀ tó sì ti ṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ìmúra ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀bẹ ló kéré jù. Dókítà tó bá ti mọ irú irin tó wà nínú ẹsẹ̀ aláìsàn, tó mọ ohun tó mú un ṣẹ́, tó sì to irinṣẹ́ kejì àti ìkẹta sílẹ̀ de ìgbà tí àkọ́kọ́ bá kọ̀, iṣẹ́ náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ la ẹran kó tó máa béèrè pé irú sikúrúù wo nìyí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìdajì irin ni yóò fi sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú.

Àwọn dókítà kékeré àti nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ni mo kọ èyí fún, ní ilẹ̀ Benin, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ náà lè kà á kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n yóò béèrè. Ẹni tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ yìí rí, kó kọ́kọ́ dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ló ṣẹ́ irin náà?

Àwọn ará ilé sábà máa ń sọ pé irin ayédèrú ni wọ́n fi sí ọmọ wọn lára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Irin tí a ń lò fún egungun, ìbáà ṣe irin tí kì í dípata tí wọ́n ń pè ní 316L, ìbáà ṣe títáníọ́ọ̀mù, kò sí èyí tí wọ́n ṣe láti gbé ara ènìyàn títí ayé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó di egungun mú gírí títí egungun yóò fi so pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí egungun bá kọ̀ tí kò so, gbogbo ìṣísẹ̀ tí aláìsàn bá gbé ni yóò máa tẹ irin náà díẹ̀, tí yóò sì tún máa nà án padà, bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn, títí yóò fi já lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ló dé tí egungun kò so? Ṣé kòkòrò àrùn wà níbẹ̀? Ṣé àlàfo ni wọ́n fi sílẹ̀ láàárín orí egungun méjèèjì? Ṣé ọ̀pá irin tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ tínínrín jù fún ihò mùdùnmúdùn, tó fi ń mì níbẹ̀? Ṣé aláìsàn ní àtọ̀gbẹ, àbí ó ń fa sìgá? Ṣé ó ti padà sórí ọ̀kadà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tó ń gbé èrò láti Wàndó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, torí pé àwọn ọmọ ń wojú rẹ̀? Ṣé wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun, tí wọ́n ń fà á, tí wọ́n ń wọ́ ọ, nígbà tí irin ṣì wà nínú rẹ̀? Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè méjì ìkẹyìn yìí o. Ẹni tí a bá fi ìbínú bi léèrè, irọ́ ni yóò pa fún wa, irọ́ náà ni a ó sì gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ibi tí irin ti ṣẹ́ náà ń sọ̀rọ̀. Irin pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n ń fi sikúrúù dè mọ́ ara egungun, sábà máa ń ṣẹ́ lójú ihò tí kò ní sikúrúù nínú, ní iwájú ibi tí egungun ti ṣẹ́ gan-an. Ọ̀pá inú egungun máa ń ṣẹ́ lójú ibi tí egungun ti ṣẹ́, tàbí lójú ihò sikúrúù ìdè, èyí tó ń de ọ̀pá mọ́ egungun, tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, torí ihò náà ti sọ ọ̀pá di aláìlágbára níbẹ̀. Sikúrúù ní tirẹ̀ máa ń já lọ́rùn, lábẹ́ orí rẹ̀.

Ṣé dandan ni ká yọ ọ́?

Rárá. Bí egungun bá ti so dáadáa, tí kò dun aláìsàn, tí ìdajì sikúrúù kan sì jókòó jẹ́ẹ́ nínú egungun, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò ńláńlá sí egungun tó ti jinná, nítorí ègé irin tí kò ju èékánná lọ, tí egungun náà sì tún ṣẹ́ lójú ihò yẹn. Kí la wá jèrè?

Àwọn ìgbà tó fi yẹ ká yọ ọ́ ni pé: kòkòrò àrùn ti dé ibẹ̀, egungun kò so, a sì ní láti fi irin tuntun sí i, tí ti àtijọ́ wá dí wa lọ́nà, ègé irin wọ inú oríkèé, orí rẹ̀ ń gún ẹran tàbí awọ, tàbí ìrora tí a ti yẹ̀ wò dáadáa tí a rí i pé irin náà ló fà á. Èyí tó wọ inú oríkèé kò ní àríyànjiyàn nínú, torí yóò máa họ ojú oríkèé náà ni.

Ẹ mọ irin náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ

Ní agbègbè wa, ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń le jù. Ààlà kò jìnnà. Ẹnì kan lè ṣubú ní Ìgòlò, kí wọ́n ṣe é ní Èkó, ní Igbobi tàbí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, kí irin ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, kó sì wá bá wa ní Àjàṣẹ́. Ẹlòmíràn ní irin láti Kútọnu, ẹlòmíràn gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà àlejò tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n sì ti lọ. Irin kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, sikurudíráfà tó ṣí ọ̀kan kò ní ṣí èkejì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó béèrè ni ìwé tí dókítà kọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àpótí irin kọ̀ọ̀kan máa ń ní bébà kékeré alẹ̀mọ́, tó ní orúkọ ilé iṣẹ́, ìwọ̀n irin àti nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà tàbí mọ́ kánẹ́ ìlera, ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú aláìsàn sí. Ìyá kan láti Kétu gbé àpò ọ̀rá kan wá fún wa nígbà kan. Ó ti ká fọ́tò egungun ọmọ rẹ̀ bí ẹní, ó fi okùn dì í, ó ní, "Dókítà, gbogbo ohun tí wọ́n fún wa nìyí o, mi ò ju ọ̀kan nù." Nísàlẹ̀ àpò náà, láàárín rìsíìtì oògùn, ni bébà alẹ̀mọ́ mẹ́ta wà, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Àwọn ló sọ fún wa pé ọ̀pá oníhò ni, wọ́n sì sọ bí ó ṣe nípọn tó. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn kó ìwé rẹ̀ padà sílé láìjẹ́ pé ẹ ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Bí kò bá sí ìwé, ẹ pe dókítà tó ṣe é tí ẹ bá lè rí i, ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Bí òun náà kò bá sí, fọ́tò egungun ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ gba fọ́tò tuntun, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kó hàn láti oríkèé òkè dé oríkèé ìsàlẹ̀. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí nínú rẹ̀:

Ọ̀pá náà, ṣé oníhò ni àbí kò níhò? Èyí ló ń pinnu gbogbo ọ̀nà tí a ó gbà. Láti ìgbà tí Gerhard Küntscher ti ti ọ̀pá irin bọ inú egungun itan ní Jámánì ní 1939, ọ̀pọ̀ ọ̀pá ni inú wọn ṣófo, inú ihò náà sì ni a ó ti ṣọdẹ ègé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀pá SIGN, tí wọ́n ṣe fún ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ fọ́tò inú yàrá iṣẹ́ abẹ, kò níhò rárá. Ìkọ́ tí a fi ń fa ègé ìsàlẹ̀ jáde kò ní ríbi wọ̀.

Sikúrúù mélòó ló wà? Ẹ kà wọ́n, ẹ kọ iye wọn sára ògiri yàrá iṣẹ́ abẹ. Ojú wo ni orí wọn ní? Nínú irin tó tẹ̀lé ìlànà AO, ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ dá sílẹ̀ ní Switzerland ní 1958, sikúrúù ńlá tó jẹ́ mìlímítà 4.5 tó lójú igun mẹ́fà ń gba sikurudíráfà mìlímítà 3.5, sikúrúù kékeré tó jẹ́ mìlímítà 3.5 ń gba mìlímítà 2.5. Àwọn sikúrúù tó ń dè mọ́ irin pẹlẹbẹ, tó lójú bí ìràwọ̀, sikurudíráfà oníràwọ̀ T25 ni ńlá sábà máa ń gbà, T15 sì ni kékeré. Ẹ ní gbogbo wọn lórí tábìlì, kódà bó bá dá yín lójú pé ọ̀kan péré ni ẹ nílò.

Ẹ fura sí kòkòrò àrùn títí ẹ ó fi rí i pé kò sí

Egungun tí kò so tí irin inú rẹ̀ sì ṣẹ́, mo máa ń kà á sí pé kòkòrò wà níbẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Bí ojú egbò bá ń ṣọyún, tàbí tí irin bá ti yọjú síta, ọ̀rọ̀ ti parí, kòkòrò wà. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, CRP pàápàá, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí ara bá ń bá àrùn jà, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e tán: ó lè dára kí kòkòrò sì wà.

Bí ara aláìsàn bá le tó láti dúró, ẹ dá àńtíbáyótíìkì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ náà, ẹ gba ègé ẹran àti egungun láti ibi márùn-ún ó kéré tán, ní ìjìnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà gan-an. Kí irinṣẹ́ tó mọ́ wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí igò wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi nu ojú egbò kò wúlò fún àyẹ̀wò yìí, kòkòrò ara awọ ni yóò gbé wá. Bí kòkòrò kan náà bá hù nínú méjì nínú àwọn ègé náà, ẹ ti rí ọ̀daràn. Bí mo bá fura, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n fún aláìsàn ní àńtíbáyótíìkì ìṣáájú iṣẹ́ abẹ títí a ó fi gba ègé wọ̀nyí tán.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì

Yàtọ̀ sí irinṣẹ́ egungun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wá àwọn wọ̀nyí: ìkọ́ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó bíi ti àwọn dókítà eyín, ẹ̀mú tó le tó sì ń há, irin ìfàyọ onírin yíyí òsì, èyí tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó tó sì máa ń jẹ irin bí a bá yí i sí òsì, ọ̀pá oníhò ẹlẹ́yín, tó ń gé egungun yíká sikúrúù, bíìtì dírílì kábáìdì tó lè gé irin, ìkọ́ gígùn fún ọ̀pá inú egungun, wáyà olórí róbótó àti wáyà lásán méjì tàbí mẹ́ta, òòlù ìfàyọ tó ń lù sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ańpílì, ẹ̀rọ fọ́tò inú yàrá iṣẹ́ abẹ, wà níbẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́. Ẹ dán an wò ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe nígbà tí aláìsàn ti sùn. Kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ wọ ẹ̀wù òjé.

Ẹ se gbogbo irinṣẹ́ náà nínú ẹ̀rọ ooru; ní ìlànà àwọn Faransé tí a ń tẹ̀lé, 134 °C fún ìṣẹ́jú 18 ni. Bíìtì tí ẹnì kan rà ní ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ ní òwúrọ̀ yẹn, tí epo ṣì wà lára rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé.

Bí irinṣẹ́ wọ̀nyí kò bá sí lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé aláìsàn lọ síbi tí wọ́n wà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sọ fún ẹbí ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kí owó irin tuntun, ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ ìgbàtọ́jú ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí bí owó bá tán nígbà tí a ti la ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni yóò jìyà.

Sikúrúù tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ẹ la ojú àpá àtijọ́, ẹ ṣọ́ iṣan ara. Bí ẹ bá dé orí sikúrúù, ẹ má tì í ní sikurudíráfà lójú ẹsẹ̀. Inú ihò orí rẹ̀ kún fún ẹran àti egungun tuntun. Ẹ fi ìkọ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó kó gbogbo rẹ̀ jáde, igun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ ihò náà tó ń dán. Ibi tí ọ̀pọ̀ sikúrúù ti ń bàjẹ́ nìyí: sikurudíráfà kò wọlé dé ìsàlẹ̀, dókítà ti ń yí i, igun sì ti jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti sikurudíráfà wọlé tààrà, ẹ fi òòlù lù ú ní ìdí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, bí ẹni fẹ́ tún un dè, kó lè já kúrò lára egungun, kí ẹ tó yí i sí òsì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Bí igun bá ti ń yọ̀, ẹ gbìyànjú bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé okùn tí a fi ń rán ojú egbò. Ẹ gé e tó àtàǹpàkò, ẹ tẹ́ ẹ sórí ihò, ẹ fi sikurudíráfà tì í wọlé. Bébà náà á ká sí àárín irin méjèèjì, á kún àlàfo. Ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀: sikurudíráfà tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ á di mú lójijì, ẹ ó sì gbọ́ "kẹ́" kékeré kan bí sikúrúù ti ń já kúrò lára egungun. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má dúró, ẹ máa yí i lọ láìsáré.

Bí bébà kò bá ṣe é, irin ìfàyọ onírin yíyí òsì ló kàn. Ẹ tì í bọ ihò orí sikúrúù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì máa yí i sí òsì. Bó ṣe ń yí ló ń jẹ irin wọlé, nígbà tó bá há tán, sikúrúù á tẹ̀lé e. Ó gbọ́dọ̀ dúró tààrà. Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè ṣẹ́ sínú ihò náà, irin rẹ̀ le ju ti sikúrúù lọ, ẹ ó wá ní ìṣòro méjì.

Sikúrúù títáníọ́ọ̀mù tó dè mọ́ irin pẹlẹbẹ ló le jù. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin náà bí ẹni pé wọ́n jó o pọ̀, pàápàá bí ẹni tó fi sí i bá ti dè é jù. Níbẹ̀, bíìtì kábáìdì ni kí ẹ fi gbẹ́ orí rẹ̀ kúrò. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù bo ẹran yíká, kí ẹnì kan máa da omi iyọ̀ sí i láìdẹwọ́, kí ẹnì kejì máa fa omi náà, torí eérú irin dúdú yóò wọ ẹran bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ooru sì lè pa egungun. Kábáìdì le, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí orí bá kúrò, irin pẹlẹbẹ á gòkè, ara sikúrúù á ṣẹ́kù tó yọrí síta díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú tó ń há dì í mú, ẹ máa yí i sí òsì.

Sikúrúù tó já sínú egungun

Bí kò bá sí ohun tó yọrí síta, ẹ wo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan sí i: ṣé ó gba egungun kọjá sí òdìkejì? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè la ojú kékeré ní òdìkejì kí ẹ fi ọ̀pá tínínrín tó kéré díẹ̀ sí ihò rẹ̀ tì í padà wá sí ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀nà yìí ló dára jù fún sikúrúù ìdè ọ̀pá inú egungun, torí kì í gbẹ́ ihò tuntun.

Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo ọ̀pá oníhò ẹlẹ́yín. Ẹ gbé e yí sikúrúù ká, kí sikúrúù wà ní àárín rẹ̀ gan-an, ẹ máa yí i sí òsì pẹ̀lú ìtẹ̀ díẹ̀. Nígbà mìíràn sikúrúù á tẹ̀lé e jáde. Bí kò bá tẹ̀lé e, ẹ fi irin ìfàyọ oníhò, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo tó ń bo ara sikúrúù, dì í mú kí ẹ yí i jáde. Ẹ mọ̀ pé ihò tí ẹ gbẹ́ yìí ti fa agbára egungun sílẹ̀. Ihò kan kò burú jù. Ihò mẹ́ta-mẹ́rin lórí ìlà kan náà léwu, ẹ gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀pá tó ṣẹ́ nínú egungun itan tàbí ojúgun

Ẹ tẹ́ aláìsàn sí ipò tí ańpílì yóò fi rí gbogbo egungun náà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fi okùn dí ẹ̀jẹ̀ lókè ẹsẹ̀ fún egungun ojúgun, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí méjì lọ, ẹ sì tú u kí ẹ tó fi irin họ inú egungun, kí ooru má bàa pa á. Ẹ sọ fún ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun nígbà tí ẹ bá fẹ́ họ inú egungun itan, torí ọ̀rá lè wọ ẹ̀jẹ̀ kí èémí rẹ̀ sì yí padà lójijì.

Ẹ la ojú àpá àtijọ́ lókè, ẹ wá orí ọ̀pá pẹ̀lú ańpílì, ẹ gbẹ́ egungun tó ti hù bò ó kúrò, ẹ yọ ìdérí rẹ̀ bó bá ní. Ẹ kọ́kọ́ so irinṣẹ́ ìfàyọ mọ́ orí ọ̀pá KÍ Ẹ TÓ yọ sikúrúù ìdè tó kẹ́yìn lókè. Bí ẹ bá yọ sikúrúù ṣáájú, ọ̀pá á máa yí kiri nínú egungun, kò ní jẹ́ kí ìfàyọ há. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó yọ gbogbo sikúrúù ìdè, tòkè tìsàlẹ̀. Ẹ padà sí iye tí ẹ kọ sára ògiri. Sikúrúù kan tí ẹ gbàgbé lè la egungun sí méjì nígbà tí òòlù bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ègé òkè sábà máa ń jáde láìjà. Ẹ fà á tààrà bí ihò egungun ṣe lọ.

Ègé ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ họ inú egungun òkè kó fẹ̀ ju ọ̀pá lọ ní mìlímítà kan sí méjì, kí ègé ìsàlẹ̀ lè rọ́nà gbà gòkè. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, á há láàárín ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ọ̀pá oníhò, ẹ ti ìkọ́ gígùn gba inú ihò náà lọ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi yọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ẹ yí i, ẹ fà á díẹ̀ kí ìkọ́ mú etí ọ̀pá, ẹ wò ó ní iwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ańpílì kó lè dá yín lójú pé ọ̀pá ló mú, kì í ṣe egungun. Lẹ́yìn náà ni òòlù ìfàyọ yóò bẹ̀rẹ̀, ní ìlù kúkúrú, kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú kó má yí.

Bí ihò náà kò bá gba ìkọ́, wáyà olórí róbótó ni mo fẹ́ràn jù, torí kò wọ́n, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ àpótí irinṣẹ́. Ẹ tì í gba inú ègé ìsàlẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi yọ ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti wáyà lásán kan tàbí méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ihò kan náà, títí wọn yóò fi há. Orí róbótó náà kò ní ríbi padà mọ́. Ẹ so òòlù mọ́ wáyà olórí róbótó nìkan, ẹ máa lù ú sókè.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, tàbí tí ọ̀pá kò níhò, ọ̀nà méjì ló ṣẹ́kù. Fún egungun itan, ẹ lè ká orúnkún, kí ẹ gba ojú kékeré kan ní iwájú orúnkún wọlé, kí ẹ fi ọ̀pá tínínrín ti ègé náà láti ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹ fọ orúnkún náà dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ègé egungun kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sínú oríkèé. Fún ojúgun, tàbí níbi tí egungun kò ti so, ẹ la ojú ibi tí egungun ti ṣẹ́ gan-an, torí ẹ ní láti fọ ibẹ̀ mọ́ lọ́nàkọnà, ẹ fi ẹ̀mú di orí ọ̀pá mú. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ la fèrèsé gígùn tínínrín kan sára egungun láti ojú ihò sikúrúù ìdè lọ sókè, ẹ ti ọ̀pá tínínrín bọ ihò náà, ẹ máa fi òòlù lù ú sókè díẹ̀díẹ̀. Fèrèsé yìí lè gba àkókò, kò sì dára lójú, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ máa fa egungun ya.

Bíìtì tó ṣẹ́ lọ́wọ́ yín

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ènìyàn: ẹ ń lu egungun fún sikúrúù tuntun, ẹnu bíìtì sì já síbẹ̀. Ẹ dúró, ẹ ya fọ́tò. Bó bá wà nínú oríkèé, bó bá yọrí síta, tàbí bó bá dí ihò tí sikúrúù tó ṣe pàtàkì yóò gbà, ẹ yọ ọ́. Bí kò bá ṣe ọ̀kankan nínú wọ̀nyí, ó lè burú jù láti wá a kiri ju láti fi í sílẹ̀ lọ. Bíìtì kì í sábà jẹ́ irin tí wọ́n ṣe kó máa gbé inú ara, nítorí náà kó má wà níbi tí yóò ti fi ara kan irin tuntun, bó bá ṣeé ṣe. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà kékeré tó bá ya fọ́tò lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni yóò tú àṣírí náà bí ẹ bá fi pamọ́.

Lẹ́yìn tí irin ti jáde

Ẹ to gbogbo ègé sórí aṣọ, ẹ so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ kà wọ́n mọ́ iye orí ògiri. Ẹ ya fọ́tò ańpílì ìkẹyìn kí ẹ tó rán ojú egbò pọ̀.

Bí kòkòrò kò bá sí, tí ó jẹ́ ọ̀pá egungun itan tàbí ojúgun, ẹ fi ọ̀pá tuntun tó nípọn ju ti àtijọ́ lọ ní mìlímítà kan ó kéré tán sí i, kó lè há dáadáa. Bí àlàfo bá wà, ẹ gba egungun láti ìbàdí aláìsàn kún un. Bí kòkòrò bá wà, ẹ má fi ọ̀pá tuntun sí i lọ́jọ́ náà láìronú. Ẹ gbẹ́ egungun òkú kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi irin ìta, èyí tó wà ní ìta ara, dè é mú, kí ẹ dúró de èsì láàbù kí ẹ tó yan àńtíbáyótíìkì.

Bó bá jẹ́ pé irin nìkan ni ẹ yọ tí ẹ kò fi òmíràn sí i, ẹ fún aláìsàn ní ọ̀pá abẹ́ abíyá, kó má sáré, kó má gbé ẹrù, kó má gun ọ̀kadà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, bí ihò tó wà nínú egungun bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ pe ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ bá ń sọ èyí. Àwọn ni yóò rí i bó bá jí alùpùpù gùn lọ sọ́jà.

Kí aláìsàn tó lọ sílé, ẹ lẹ bébà alẹ̀mọ́ irin tuntun mọ́ kánẹ́ rẹ̀, ẹ kọ irú sikurudíráfà tó ń ṣí i, ẹ kọ bóyá ọ̀pá náà níhò, ẹ kọ ègé tí ẹ fi sílẹ̀ bó bá wà. Àwọn kan máa ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbé irin tó ṣẹ́ lọ fi han ará ilé. Ẹ má fún wọn títí láàbù yóò fi gba ohun tó fẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.